Aago Méjì Ni Dókítà Máa Pè

Rédíò orí fóònù dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn kò tíì sọ ibi tí afárá ti wó tán tí ohùn rẹ̀ fi gé, Bàbá Onírédíò sì dá búrẹ́dì dúró níwájú ẹnu.

"Ó tún ti lọ," ó wí.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alábẹ́rẹ́, gbójú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n gbé àpótí wáífáì sí. Iná kékeré tó ń yọjú níhò aṣọ àpótí náà, èyí tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé, ti pọ́n.

"Ó máa padà dé," ó dáhùn. Ó rọra ti ife tíì sún mọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kó má baà gbá a dànù.

"Ó máa padà dé, ó tún máa lọ. Aago mélòó la wà?"

"Mẹ́jọ kọjá díẹ̀."

"Aago méjì ni dókítà máa pè."

"Ta ni kò mọ̀ nínú ilé yìí, Bàbá? Ẹ jẹ búrẹ́dì yín."

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Lẹ́tà ilé ìwòsàn wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, ọmọ wọn obìnrin sì ti kà á sókè fún wọn títí àwọn méjèèjì fi mọ̀ ọ́n sórí. Dókítà ojú yóò pè lórí fóònù, ojú á ko ojú, ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Kí wọ́n kán oògùn sí aláìsàn lójú ní aago kan. Kí aláìsàn jókòó sínú yàrá tó ṣókùnkùn. Kí wọ́n so awò kékeré tó wà nínú àpò ìwé mọ́ ẹ̀yìn fóònù, kí dókítà lè tan iná rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kó sì fi wo inú ẹyinjú. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹẹrẹ, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà máa pè, bí ìpè bá sì já lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ aláìsàn á padà sí ìparí ìlà.

Ìlà yìí, oṣù mẹ́jọ gbáko ni Bàbá Onírédíò ti wà lórí rẹ̀ kó tó kàn án. Alábẹ́rẹ́ ti bèèrè bóyá kí àwọn kúkú wọ bọ́ọ̀sì máa bọ̀, nítorí ilé ìwòsàn náà kò jìnnà. Nọ́ọ̀sì ní wọn kì í gba ẹni tí dókítà kò tíì rí lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló fà á sí kọ̀rọ̀, tó sọ fún un pé àìsàn ojú irú èyí kì í dá ohun tó bá ti gbà padà. Alábẹ́rẹ́ kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó kàn ń ṣírò oṣù mẹ́jọ mìíràn nínú ọkàn rẹ̀ ni.

Ọmọ wọn jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ oorun lára. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti bẹ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó bá òun dúró lónìí, kí òun náà bá a dúró lọ́jọ́ Àìkú.

"Ó tún ti pọ́n?" ó bèèrè.

"Ṣebí ojú ẹ náà lo fi ń wò ó?" ni Alábẹ́rẹ́ dáhùn.

Ọmọbìnrin náà yọ wáyà iná lára ògiri, ó ka ení títí dé ọgbọ̀n bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wá tì í bọ ibẹ̀ padà. Iná pọ́n, ó ń ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú títí, ó wá di àwọ̀ ewé. Ẹni tó ń ka ìròyìn padà dé, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ọmọ náà wí. "Ìsinmi díẹ̀ ló nílò."

Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ fi máa fọ abọ́ tán, iná ti pọ́n.

"Bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀," ni Bàbá Onírédíò wí. "Kí n tú ìdí ẹ̀ wò."

"Ẹ tú kí ni?" ni Alábẹ́rẹ́ wí. "Nǹkan oníléeṣẹ́ wáífáì? Bẹ́ ẹ bá tú u, wọ́n á ní àwa la bà á jẹ́."

"Ogójì ọdún ni mo fi tú rédíò."

"Rédíò nìyẹn."

Tábìlì iṣẹ́ Bàbá Onírédíò ṣì wà lábẹ́ fèrèsé, gbogbo súkúrúdíráfà rẹ̀ sì tò sí ipò wọn láti kékeré dé ńlá, tó fi jẹ́ pé ó lè na ọwọ́ kó mú èyí tó bá fẹ́ láìwò ó. Àwọn kan ṣì ń gbé rédíò wá. Bí wọ́n bá bi í léèrè ojú, á ní, "Ó ń rí díẹ̀díẹ̀." Alábẹ́rẹ́ kò fẹ́ kó tú àpótí wáífáì nítorí oníléeṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tún fẹ́ rí i kó máa táràrà wá ojú súkúrú kiri níwájú ọmọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí iná náà ti lọ tó ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, Alábẹ́rẹ́ rántí Onídìrí.

Ìsàlẹ̀ ilé náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Onídìrí wà, ilẹ̀ pálọ̀ wọn ni àjà rẹ̀. Ilé gíga ló yí ilé wọn ká lọ́tùn-ún lósì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù kì í sì í fẹ́ wọlé síbẹ̀, ohun tó jẹ́ kí Alábẹ́rẹ́ fún un ní pásíwọ́ọ̀dù wáífáì nìyẹn. Ó so ìró mọ́ ìdí dáadáa, ó sọ̀kalẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló bá nínú ṣọ́ọ̀bù, méjì wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, Onídìrí ń di irun fún ẹnìkẹta, fóònù sì ń tàn lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," ni Onídìrí kí i.

"Káàárọ̀. Ta ló ń wo fíìmù níbí?"

"Fíìmù kọ́," ni ẹni tí wọ́n ń di irun fún dáhùn láìgbójú sókè. "Ìròyìn ni."

"Ìròyìn tó ń kọrin? Onídìrí, mo fún ẹ ní pásíwọ́ọ̀dù pé kí o máa fi ríṣẹ́ ṣe, mi ò ní kí o fi ṣí ilé sinimá. Ẹ ti fà á tán nísàlẹ̀ níbí, kò kù fún wa mọ́ lókè."

Onídìrí dá ìyarun dúró. "Màámi, kí ló dé? Ṣé ó di ìjà ni? Láti ọdún tó kọjá, ta ló ń di irun ọmọ yín lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ irun kọ́ là ń sọ. Ọ̀rọ̀ ojú ọkọ mi là ń sọ."

"Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù yín padà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí lólè níwájú oníbàárà mi."

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lólè."

"Ohun tẹ́ ẹ sọ náà nìyẹn, ẹ kàn gbé e gba ẹ̀yìn ni."

Alábẹ́rẹ́ bá yí padà. Kò tíì dé àárín àtẹ̀gùn tó fi gbọ́ ohùn kan láti abẹ́ ẹ̀rọ agbẹrun, ohùn ẹni tí kò mọ̀ pé ariwo etí òun ló jẹ́ kóun máa pariwo: "Ojú ọkọ kọ́ ló ń dà á láàmú, ahun ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ẹ̀rín Onídìrí nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ó ní kí ọmọ yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Ọmọ yí i. Kò sẹ́ni tó wà lórí wáífáì náà mọ́ àfi ilé wọn nìkan. Fún ogún ìṣẹ́jú, iná náà dúró lórí àwọ̀ ewé, Alábẹ́rẹ́ sì ń yangàn pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ̀wà kaná. Ó gé àlùbọ́sà. Nígbà tó fi máa yọjú wo pálọ̀, iná ti pọ́n, ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Alábẹ́rẹ́ wí.

"Mi ò sọ nǹkan kan, Màámi."

"Pe oníléeṣẹ́."

Orí àtẹ̀gùn nìkan, níbi fèrèsé kékeré, ni fóònù ti ń gbọ́ràn nínú ilé náà, ohùn lásán ló sì ń gbà, kì í gba àwòrán. Ọmọ dúró síbẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀rọ kan ní kó tẹ oókan. Ó tẹ oókan. Ẹ̀rọ náà ní kó tẹ eéjì. Orin bẹ̀rẹ̀, orin yìí kan náà ni fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì, ohùn obìnrin kan sì ń gé e lóòrèkóòrè láti sọ fún un pé ìpè rẹ̀ ṣe pàtàkì sí wọn. Ẹsẹ̀ ro ó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí èèyàn gidi fi máa dáhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka ọ̀rọ̀ láti inú ìwé ni.

"Ṣé ẹ ti pa á, kẹ́ ẹ tún tàn án?"

"Ẹ̀ẹ̀méje láti àárọ̀."

"Ṣé wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò tú?"

Ọmọ náà yọ orí sí ẹnu ọ̀nà. "Màámi, ó ní ṣé wáyà ẹ̀yìn ẹ̀ ò tú?"

Alábẹ́rẹ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. "Ó le dan-in dan-in."

"Ó ní ṣé nǹkan kan ò bò ó?"

"Kí ló máa bò ó?" ni Alábẹ́rẹ́ dáhùn. Ó ń wò ó kòrókòró. "Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, gbangba."

"Kò sí nǹkan tó bò ó," ni ọmọ rẹ̀ sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Ẹ gbé e sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń lò ó, kó má jìnnà. Lọ́dọ̀ wa níbí, gbogbo nǹkan ló dára. Ìlà yín mọ́ kedere."

"Kò mọ́. Ó ń já."

"Lọ́dọ̀ wa, ó mọ́. Mo lè kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Á dé láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje."

"Aago méjì òní ni dókítà fẹ́ wo ojú bàbá mi."

Ó jọ pé kò sí ìyẹn nínú ìwé tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń kà. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó wí. "Ṣé nǹkan míì wà tí mo lè bá yín ṣe lónìí?"

Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná ló dá ọmọ náà padà sínú ilé. Alábẹ́rẹ́ sá dé ibi ìdáná, ó bá ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ti dúdú. Ó bu èyí tó wà lókè sínú abọ́, ó fi èyí tó kù rẹ sínú omi. Bàbá Onírédíò jẹ ṣíbí mẹ́ta.

"Ẹ̀wà yìí ti gbọ́ ìròyìn," ó wí.

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Alábẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn láti ìgbà èwe: bí ọ̀rọ̀ bá ti le, á fi àwàdà sí i. Èèyàn kì í mọ ìgbà tó ń ṣeré yàtọ̀ sí ìgbà tó ń sọ òótọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti jáwọ́ nínú à ń wá ìyàtọ̀ rẹ̀ tipẹ́.

Wọ́n ṣe bí oníléeṣẹ́ ṣe wí. Wọ́n gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ sórí àpótí ìjókòó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, wọ́n fa wáyà rẹ̀ gba ẹsẹ̀ ògiri. Aṣọ rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń gbé e. Alábẹ́rẹ́ tún un ṣe, ó fa igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó jókòó dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe fún aṣọ tẹlifíṣọ̀n, aṣọ fìríìjì àti aṣọ ẹ̀rọ ìránṣọ. Òwú ni gbogbo wọn, abẹ́rẹ́ oníkọ́ rẹ̀ ló fi hun wọ́n, kò sì sí nǹkan olówó iyebíye kan nínú ilé náà tó wà níhòòhò fún eruku.

Aago kan lù. Ó kán oògùn sójú ọkọ rẹ̀, ìkán méjì lọ́tùn-ún, ìkán méjì lósì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ọmọ fa kọ́tìnì, ó fi bẹ́dìṣíìtì bo fèrèsé ibi tábìlì iṣẹ́, pálọ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn ọ̀sán yẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iná àwọ̀ ewé kan ṣoṣo sì ń tàn láàárín wọn. Alábẹ́rẹ́ ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́.

Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú kan, fóònù dún.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ó ti rẹ̀ ẹ́ lójú. "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ yín mú fóònù sún mọ́ ojú ọ̀tún. Ẹ wo òkè. Ẹ wo..."

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò pa dé. Àwòrán rẹ̀ ti gan mọ́ ojú fóònù. Iná ti pọ́n.

"Yọ ọ́, yọ ọ́," ni Alábẹ́rẹ́ ń wí. Ọmọ ti yọ wáyà. Wọ́n ka ọgbọ̀n, ohùn wọn ò bára mu. Iná ń ṣẹ́jú. Ó padà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kí fóònù tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú ọ̀tún, ó ń sọ nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ẹnì kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó dáa. Ó dáa, èyí ṣì ṣe é gbà là. Ẹ mú un lọ sí òsì. Bàbá, ẹ wo ìsàlẹ̀." Ọmọ mú fóònù lọ sí òsì. Dókítà sún mọ́ ojú fóònù. Ó ní, "Bàbá, láti ìgbà wo ni..." Ìpè já.

Ọmọ tún yọ wáyà, ó sì tì í padà. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, Onídìrí sì wọlé láìdúró de èsì, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti yí i padà. Ṣùgbọ́n mo ní kí gbogbo wọn pa fóònù wọn pátápátá nísàlẹ̀, bóyá ó lè ṣèrànwọ́. Mo tún pa ẹ̀rọ agbẹrun. Irun tútù ni wọ́n fi jókòó." Ó wo inú òkùnkùn náà, ó wo ojú wọn. "Ṣé ó tún ti lọ?"

Ojú ti Alábẹ́rẹ́. Ó fẹ́ sọ pé kó máà bínú, ó fẹ́ sọ pé kó jókòó. "O ṣeun," ló sọ, ọ̀rọ̀ náà sì kéré lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá Onírédíò ń fọwọ́ wá áńkáṣíìfù kiri láti nu omi ojú rẹ̀. Ó rò pé orí àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni wọ́n gbé e sí. Ọwọ́ rẹ̀ bà lé aṣọ, ó dúró síbẹ̀.

"Kí ni mo fọwọ́ kàn yìí?"

"Àpótí wáífáì ni," ni Alábẹ́rẹ́ wí. "Ẹ rọra, ẹ má tì í ṣubú."

"Kí ló wà lára ẹ̀?"

"Aṣọ ẹ̀."

Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, ó sì tètè fà á yọ. "Alábẹ́rẹ́, ó gbóná fẹlifẹli. Kò lè mí. Nǹkan abánáṣe ni, ibi ihò ara ẹ̀ ló ti ń mí. Bó bá ti gbóná débì kan, á pa ara ẹ̀ kó má baà jó, bó bá tutù, á tún tan ara ẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà jà kí wọ́n má fi aṣọ bo rédíò." Ó ká aṣọ náà kúrò, ó nà án jáde nínú òkùnkùn fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á. "Láti ìgbà wo ló ti wọ aṣọ yìí?"

Alábẹ́rẹ́ gba aṣọ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń fọ àwọn aṣọ náà, tó máa ń sá wọn sórí okùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wáífáì kì í já. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń sinmi.

"Oṣù mẹ́rin," ó wí. "Ṣebí níṣojú yín ni mo ṣe é? Mo gbé e wá síwájú yín lọ́jọ́ tí mo hun ún tán. Mo ní ṣé ó wuyì. Ẹ ní ó wuyì. Ẹ ní pupa ẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Aṣọ náà kì í ṣe pupa, àwọ̀ aró ni. Lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ́rìn-ín. Ó ti rò pé àwàdà ni.

Bàbá Onírédíò kọ ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá. Onídìrí wo ilẹ̀.

"Fáànù," ni Bàbá wí nígbà tó yá. "Ẹ gbé fáànù wá, ẹ kọjú ẹ̀ sí i. Bó bá tutù, kò ní já."

Onídìrí ló gbé fáànù láti igun yàrá. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ lu àpótí náà, ó ń fẹ́ lu lẹ́tà ilé ìwòsàn lára ògiri. Bàbá Onírédíò gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀yìn àpótí, ó fi í síbẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ara ọmọ tó ní ibà wò. Fóònù dún.

"Bàbá, ìgbà kẹta nìyí o," ni dókítà wí.

"Mo mọ̀, dókítà."

"Ojú òsì. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ṣé ẹ rí iná tí mo tàn?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"N kò tíì tan iná, Bàbá."

Fáànù ń kùn. Ọwọ́ Bàbá kò kúrò lára àpótí.

"Láti ìgbà wo ni ojú òsì yìí kò ti ríran mọ́?"

"Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan," ni Bàbá Onírédíò wí.

"Irọ́ ni," ni Alábẹ́rẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Oṣù mẹ́rin, dókítà. Ó kéré tán, oṣù mẹ́rin. Ọ̀tún pàápàá kò mọ àwọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ mọ́. Ó ń fi í pamọ́ fún wa."

Ọkọ rẹ̀ kò jiyàn. Dókítà ní kí wọ́n mú un lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n yọ awò kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí òun rí Bàbá lójú.

"Bàbá, ọ̀tún, a máa gbìyànjú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago méje, ẹ má jẹun. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dúró. Òsì..." Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa lò. "Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú orí ti kú."

"Wáyà ẹ̀ ti jóná," ni Bàbá Onírédíò wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ká ní ẹ ti wá ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà sẹ́yìn ni..."

"Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn la wá," ni Alábẹ́rẹ́ wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ká lọ tò."

Ohùn kankan kò ti inú fóònù wá mọ́. Ọmọ wọn gbọn fóònù díẹ̀. Onídìrí kígbe wẹ́lẹ́ pé, "Yéè, ó ti já," gbogbo wọn sì yíjú wo àpótí náà lẹ́ẹ̀kan náà. Iná náà jẹ́ àwọ̀ ewé. Kò ṣẹ́jú. Ìpè kò já. Dókítà náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń wo tábìlì iwájú rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé, aago méje," ó wí níkẹyìn, ó sì pa á.

Ọmọ ṣí kọ́tìnì díẹ̀, ìwọ̀nba tí kò ní ta Bàbá lójú. Onídìrí ní òun ń lọ bá irun tútù. Alábẹ́rẹ́ sìn ín dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi á sọ pásíwọ́ọ̀dù tuntun fún ẹ." Onídìrí ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la, Màámi. Ẹ sinmi." Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ wọlé padà, ọmọ rẹ̀ ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù: wọ́n ti yanjú ìṣòro ilé náà, wọ́n sì fẹ́ mọ bí inú àwọn ará ilé ṣe dùn tó, láti oókan dé aárùn-ún.

"Kí ni kí n tẹ̀?" ni ọmọ náà bèèrè.

"Pa á," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Aṣọ àpótí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ibi tó ti so òwú náà pa, ó fi eyín já a, ó sì fà á. Ó ń tú, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan. Bàbá Onírédíò gbọ́ bó ṣe ń tú. Ó na ọwọ́, ó gba ẹnu òwú náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a yíká ìka rẹ̀, ó ń ká a dọ́gba, kò sì lọ́ pọ̀ níbì kankan.

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, obìnrin ń tú, ọkùnrin ń ká.

"Alábẹ́rẹ́."

"Ẹ̀n?"

"Àwọ̀ wo ni?"

Ó gbé òwú tó kù sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì wọlé, ó wò ó dáadáa kó tó dáhùn, bí ẹni pé òun gan-an kò tíì rí i rí.

"Àwọ̀ aró ni," ó wí. "Ó dúdú díẹ̀ lápá etí."

Bàbá Onírédíò mi orí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ òwú tó ti ká, ó tún nawọ́ fún òmíràn.

"Ó wuyì," ó wí. Alábẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.